Aṣọ Ilé-Ìwé Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Ilé-Ìwé Béèrè, Bí A Ṣe Ń Rán An Tí Yóò Fi Pẹ́, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kì í sinmi mọ́. Àwọn òbí tí kò rántí aṣọ ilé-ìwé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti gba ọludé ní oṣù Keje yóò ya wá lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálùkù yóò sì máa sọ pé ọ̀la ni òun fẹ́ gbà á. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, Mọ́ńdè ni wọ́n wọlé." Mo ti ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti tọ́ àwọn ọmọ tèmi náà gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe owó nìkan ni ó ń sọ aṣọ ilé-ìwé di ìnira fún òbí. Ohun tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni pé a máa ń rán aṣọ náà fún ọjọ́ ìwọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ yóò máa ga, yóò máa ṣubú, yóò sì máa da ọbẹ̀ sára fún odidi ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí aṣọ kan wúlò ju ọdún kan lọ, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fa ọmọ òun yọ lórí ìlà ní òwúrọ̀, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ilé-ìwé béèrè ní tòótọ́

Ìgbésẹ̀ yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí ilé-ìwé, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ àwọn ohun tí ọmọ nílò sí, kí ẹ sì kà á lójú olùkọ́ tàbí ọ̀gá ilé-ìwé. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, oríṣi nǹkan mẹ́ta ni ó sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn: èyí tí ọmọ kò gbọdọ̀ má ní, èyí tí ilé-ìwé fẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò ní í lé ọmọ padà nítorí rẹ̀, àti èyí tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń tà á ni ó fẹ́ kí ẹ rà á. Ẹ̀wù, ṣòkòtò pénpé tàbí gáúnù, bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ni ó sábà máa ń wà ní ipò kìíní. Kádígàn, fìlà àti báàgì tí a tẹ orúkọ ilé-ìwé sí lára lè bọ́ sí ipò kejì tàbí ìkẹta. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì béèrè pé, "Bí ọmọ mi kò bá tíì ní kádígàn yìí, ṣé ẹ ó dá a padà sílé?" Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ilé-ìwé ìjọba, òbí sábà máa ń ra aṣọ lọ́jà kí ó sì gbé e fún aránṣọ tí ó bá wù ú. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ni ó ń ta aṣọ fúnra wọn, wọn kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni rán an níta nítorí àwọ̀ àti báàjì wọn. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ta aṣọ náà fún yín ní yáàdì, nítorí pé èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ kì í sábà ní àyè nínú tí a lè tú nígbà tí ọmọ bá ga. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ yí aṣọ náà sódì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo bí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ sínú ti fẹ̀ tó. Èyí tí kò bá fẹ̀ ju ìka kan lọ, ọdún kan péré ni yóò ṣe.

Àwọn òbí kan máa ń bi mí pé ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò kan aṣọ ni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí òfin UBE ti ọdún 2004, ka àwọn ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Kò dárúkọ aṣọ. Nítorí náà, àfi bí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí olóṣèlú kan bá pín in, ọrùn òbí ni aṣọ wà.

Ẹ tún wádìí bóyá àṣẹ tuntun ti jáde kí ẹ tó kó yáàdì pamọ́ de àbúrò. Ní Ọ̀ṣun, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá kó àwọn ilé-ìwé ìjọba sínú aṣọ kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá fagi lé e, àwọn ilé-ìwé sì padà sí aṣọ wọn àtijọ́. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kì í bìkítà fún aṣọ tí ó wà nínú àpótí yín. Ẹni tí ń kó lọ sí òdìkejì ẹnubodè, sí Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ tàbí Sakétẹ́, kí ó mọ̀ pé kakí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń wọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí ó fi gáúnù ilé-ìwé tí ọmọ ń wọ̀ níbí sílẹ̀ fún ẹbí.

Ní ti hìjáábù, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ ilé-ìwé wọn. Ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé jíròrò lórí àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Fún ọmọ kékeré, èyí tí a rán pa lábẹ́ àgbọ̀n tí ó sì ní rọ́bà díẹ̀ ni ó dára. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ há a, nítorí pé ọmọ máa ń sáré, abẹ́rẹ́ a sì máa tú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Mélòó ni ó tó?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ó pa òwe yẹn kò tíì rí ṣòkòtò ọmọkùnrin kíláàsì kejì ní ìparí sáà.

Ẹ ka ọjọ́ kí ẹ tó ka aṣọ. Bí ilé-ìwé bá ní aṣọ eré ìdárayá fún ọjọ́ kan, tí ọjọ́ Ẹtì sì jẹ́ ti aṣọ ìbílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù fún aṣọ ilé-ìwé gan-an, méjì sì ti tó. Bí ó bá jẹ́ aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ láti Ajé dé Ẹtì, mẹ́ta ni kí ẹ rán, nítorí òjò. Oṣù Kẹsàn-án ni sáà ìkínní ń bẹ̀rẹ̀, ojú ọjọ́ ìgbà náà kì í sì í jẹ́ kí kakí nípọnnípọn gbẹ láàárín ọjọ́ kan. Òbí tí ó ní méjì péré ni yóò máa fi áyọ́ọ̀nù lé omi kúrò lára ṣòkòtò ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìyẹn bí iná bá wà. Bí owó kò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wù òkè pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ: ẹ̀wù mẹ́ta, ṣòkòtò méjì. Ẹ̀wù funfun ni ó ń dọ̀tí lójoojúmọ́. Ṣòkòtò aláwọ̀ dúdú lè lò tó ọjọ́ méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Yíyan aṣọ lọ́jà

Ẹ gba ègé aṣọ kékeré lọ́wọ́ ilé-ìwé tàbí kí ẹ gé e láti ara aṣọ àtijọ́, kí ẹ sì mú un lọ sí ọjà. Bí ẹ bá dé Gbági ní Ìbàdàn tàbí Balógun ní Èkó tí ẹ kàn ní búlúù ni ẹ fẹ́, oríṣiríṣi búlúù ni wọn yóò tò síwájú yín, iná inú ṣọ́ọ̀bù yóò sì mú kí gbogbo wọn jọra. Ẹ gbé e jáde sí oòrùn kí ẹ tó ní kí wọ́n gé e.

Òwú gidi máa ń gba atẹ́gùn, kì í sì í mú ara ọmọ gbóná, ṣùgbọ́n ó máa ń rún, ó sì máa ń súnkì nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Polyester kì í rún, kì í sì í tètè ṣá, àmọ́ ní ọ̀sán oṣù Kejì àti Kẹta, inú rẹ̀ dà bí ìdí ààrò. Èyí tí mo máa ń gba òbí nímọ̀ràn láti rà ni àdàlù méjèèjì, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ 65 àti 35 sí lára, ìyẹn ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún polyester àti ìdá 35 òwú. Bí ẹ kò bá gba ohun tí ọlọ́jà sọ gbọ́, ẹ yọ fọ́nrán òwú kan lára aṣọ náà kí ẹ fi iná ṣáná kàn án. Òwú gidi yóò jó di eérú, yóò sì rùn bí ìwé tí ó jóná. Polyester yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré dúdú. Àdàlù yóò ṣe díẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ ra ìdá kan nínú mẹ́rin yáàdì lé e. Òun ni a ó fi ṣe àbùlẹ̀ nígbà tí ìdí ṣòkòtò bá ya, nítorí pé bí ẹ bá padà sí ọjà ní sáà kejì, búlúù ọjọ́ náà lè máà sí mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi mọ́jú, kí ẹ sá a, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Mo mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ní ọdún kan tí iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo gé ṣòkòtò kakí mẹ́rin fún àwọn ọmọ ilé kan náà láìrẹ kakí náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé, ìyá wọn kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí àkọ́bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú mi. Ọmọ náà kò lè bẹ̀rẹ̀. Owó ara mi ni mo fi ra kakí mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wíwọ̀n àti rírán

Ibí ni owó yín ti ń dúró tàbí tí ó ti ń lọ, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ dáadáa.

Láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ọmọ máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5 sí 6 ga lọ́dún. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń tìtorí èyí sọ pé, "Ẹ rán an kí ó tóbi gan-an," ọmọ á sì máa wọ́ gáúnù kiri bí ẹni tí ó yá aṣọ ẹ̀gbọ́n wọ̀, èjìká á máa yọ̀, ọwọ́ ẹ̀wù á máa bọ́ sínú omi ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ń ṣe é. Gáúnù tí ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká tí ó sì dúró sí orúnkún kò gbà ju bí ìdajì gíga ọmọ lọ, nítorí náà bí ọmọ bá fi sẹ̀ntímítà 6 ga, sẹ̀ntímítà 3 ni gáúnù rẹ̀ fi kúrú, èyí tí kò ju íǹṣì kan àti díẹ̀ lọ. Bí aránṣọ bá ṣẹ́ íǹṣì 3 sínú ní etí ìsàlẹ̀, ọdún méjì gbáko ni ẹ ti rà yẹn. Aṣọ náà yóò bá ọmọ mu lónìí, yóò sì tún bá a mu lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ rán etí náà dípò ẹ̀rọ, kí ó lè rọrùn láti tú láìba aṣọ jẹ́.

Ṣòkòtò pénpé yàtọ̀. Kò gùn, nítorí náà kì í tètè kúrú. Ìbàdí àti ìdí ni ó ti máa ń há. Ẹ sọ fún aránṣọ pé kí ó fi íǹṣì kan ààbọ̀ sílẹ̀ nínú ojú ìrán ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ó sì fi rọ́bà sí ẹ̀yìn ìbàdí nígbà tí iwájú ṣì wà ní pẹlẹbẹ. Ojú ìrán abẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ àrántúnrán, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ ya nígbà tí ọmọ bá ń fo gọ́tà. Èmi a máa lẹ ègé aṣọ kékeré kan mọ́ inú ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì ń gba ṣòkòtò là fún odindi sáà.

Fún gáúnù tàbí pínáfọ̀, ẹ fi íǹṣì kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ihò ọwọ́ rẹ̀ sì gbòòrò ní abíyá, nítorí pé ibi tí ọmọ fi ń na ọwọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà sábà máa ń gba yáàdì kan ààbọ̀ sí méjì fún gáúnù, ó kù sí bí aṣọ bá ṣe fẹ̀ àti bí ìṣẹ́po bá ṣe pọ̀ tó. Bí aránṣọ bá ní kí ẹ ra mẹ́ta, ẹ béèrè ohun tí ó fẹ́ fi èyí tí ó ṣẹ́kù ṣe. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Aránṣọ ni èmi náà.

Ẹ ronú nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní gbọ́dọ̀ lè tú aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìpe olùkọ́. Sípù líle, bẹ́líìtì àti ìkọ́ kéékèèké ni ó ń fa kí ọmọ tọ̀ sára kí ó tó rí i tú. Rọ́bà àti bọ́tìnnì ńlá kan ni ó yẹ ẹ. Bí ilé-ìwé bá fi dandan lé bẹ́líìtì, kí ó kọ́ bí a ṣe ń tú u nílé fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìwọlé.

Nígbà tí ẹ bá lọ dánwò, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti pátá fún ọmọ bí yóò ṣe wọ̀ wọ́n lọ sí ilé-ìwé. Kí ọmọbìnrin sì wọ ṣòkòtò àwọ̀sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó jókòó bí ẹni tí ń kọ̀wé. Bí gáúnù bá ré kọjá itan nígbà tí ó jókòó, tàbí tí ẹ̀wù bá yọ jáde nínú ṣòkòtò nígbà tí ó na ọwọ́, ẹ má tíì gba aṣọ.

Bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti orúkọ

Bàtà dúdú tí ó bo ẹsẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń béèrè. Àwọn mìíràn gba sáńdà aláwọ̀ ilẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ mú ọmọ lọ ra bàtà, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti rìn ní gbogbo ọjọ́. Kí ó dìde dúró nínú rẹ̀, kí àyè tó sẹ̀ntímítà kan sì wà níwájú ìka tí ó gùn jù. Ẹ padà wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọmọ kì í sábà sọ pé bàtà há. Yóò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó sì rò pé ìwàkiwà ni. Ìbọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ó jọra ni kí ẹ rà, kí ọ̀kan má baà sọnù kí èkejì di aláìwúlò.

Ẹ kọ orúkọ ọmọ sínú ọrùn ẹ̀wù, sínú ìbàdí ṣòkòtò, sí inú bàtà àti sí inú kádígàn. Kádígàn ni ó ń sọnù jù, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ wá ní àárọ̀, tí wọ́n á sì bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Inú ni kí orúkọ wà. Orúkọ tí a kọ gàdàgbà sí ẹ̀yìn báàgì ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lójú títì lè pe ọmọ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fífọ̀, lílọ̀ àti yíyọ àbàwọ́n

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹun ọ̀sán nínú aṣọ ilé-ìwé. Bí ó bá ti wọlé, kí ó bọ́ ọ, kí ó yí i sódì, kí ó fi kọ́. Òfin kékeré yìí ń gba aṣọ là ju ọṣẹ èyíkéyìí lọ.

Àbàwọ́n kì í dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni oògùn wọn. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, nítorí pé omi gbígbóná máa ń mú un dì mọ́ aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ gbẹ pátápátá kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ tó wá fọ̀ ọ́. Ti bírò ni pé kí ẹ tẹ́ àkísà sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òwú tí a rì sínú sípíríìtì máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè, kí ẹ máa yí àkísà náà, láìtíì jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ má ṣe ha á, yóò fẹ̀ sí i ni. Epo pupa gba ọṣẹ olómi tí a fi pa á nígbà tí ó ṣì gbẹ, lẹ́yìn náà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bí àwọ̀ ọsàn rẹ̀ bá ṣẹ́kù lára ẹ̀wù funfun, ẹ sá a sínú oòrùn gangan. Oòrùn a máa jẹ àwọ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Omi kajú ni kò gbọ́ oògùn. Láti oṣù Kejì dé Kẹrin tí kajú bá dé, ẹ fi omi tútù ṣan án lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó tẹ̀ síwájú bí ó bá ń mu ún.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí jíìkì, nítorí pé ó ti ba ẹ̀wù funfun púpọ̀ jẹ́ lójú mi. Bí polyester bá wà nínú aṣọ, jíìkì lè sọ ọ́ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dípò kí ó funfun, ó sì ń mú kí òwú gbó kí ó tó yẹ. Níbi tí omi kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù bá ní ìpẹtà nínú, tí ẹ bá ti rí i pé inú garawa ń pọ́n, jíìkì yóò yọ ìpẹtà náà jáde sára aṣọ ní àmì pupa. Omi òjò ni kí ẹ fi fọ ẹ̀wù funfun bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ dáadáa, kí ẹ sì fi búlúù díẹ̀ sínú omi ìṣanṣọ ìkẹyìn. Aṣọ aláwọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá funfun wọ garawa kan náà ní oṣù àkọ́kọ́, a sì gbọ́dọ̀ yí i sódì kí a tó sá a, kí oòrùn má baà mú un ṣá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti fífọ̀, kí Àìkú lè jẹ́ ti lílọ̀. Ìgbà tí iná bá dé ni kí ẹ lọ gbogbo ti ọ̀sẹ̀ náà pọ̀, kí ẹ fi wọ́n kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí kakí kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí polyester kí ó má baà máa dán. Ẹni tí ó ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú kí ó fi àkísà nu ìdí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Eérú kan péré tó láti dá ẹ̀wù funfun padà sínú garawa. Sítáàṣì dára fún kọ́là, ṣùgbọ́n ẹ má fi kan abíyá, yóò máa ha ọmọ lára.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé

Lórí ìlà, kì í ṣe aṣọ nìkan ni olùkọ́ ń wò. Èékánná, eyín, etí, irun, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà wà nínú rẹ̀, Ajé ni ó sì sábà máa ń le jù. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń kọ irun ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún sáà: ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kòlẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ Àìkú kọ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá onídìrí. Ẹ gé èékánná ní Àìkú, ẹ pa bàtà pẹ̀lú, kí ẹ sì to gbogbo rẹ̀ sí ojú kan láti pátá dé ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ ọdún méje lè pa bàtà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi hàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣáà tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀.

Bí owó kò bá tíì jáde

Ẹ má jẹ́ kí ó di ìgbà tí wọ́n bá dá ọmọ padà. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ dá ọjọ́ tí aṣọ yóò pé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tí ọmọ yóò mú dání fún olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò gbà bí wọ́n bá rí i pé òbí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíláàsì kẹfà. Aṣọ tí ó ṣì dára máa ń wà nílé wọn tí wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò fún. Ẹ tún lè bá aránṣọ sọ̀rọ̀ ní oṣù Keje, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì pọ̀: ó lè gba owó díẹ̀díẹ̀, kò sì ní í fi ìkánjú ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun tí mò ń gbà ní oṣù Keje kò tó ohun tí mò ń gbà ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí.

Nígbà tí oṣù Keje bá padà dé

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọludé, ẹ wọ gbogbo aṣọ náà fún ọmọ kí ẹ wo ibi tí ó ti há. Ẹ tú etí ìsàlẹ̀. Ìlà ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ yóò hàn. Ẹ rẹ àkísà sínú omi tí a fi fínígà díẹ̀ sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lé ìlà náà, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò sí ibi tí kò hàn, kí ẹ mọ̀ bóyá àwọ̀ yóò ṣí. Bí ìlà náà bá kọ̀ tí kò lọ, tí ilé-ìwé sì gbà, ẹ rán okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ kan náà lé e lórí, yóò dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni a ti fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tú ojú ìrán ẹ̀yìn ṣòkòtò, kí a sì tún un rán sí ìwọ̀n tuntun. Èyí tí kò bá gba ọmọ mọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú ègé efinrin gbígbẹ fún àbúrò tàbí fún ọmọ aládùúgbò. Èyí tí ó ti gbó pátápátá ni kí ẹ sọ di àkísà ìnulẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gé gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì kan kí ẹ sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú, nítorí pé ṣáájú ọ̀sẹ̀ kẹta sáà ìkínní, bọ́tìnnì kan yóò ti já.